Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Tún Un Ṣe Nílé

Tí ọkọ̀ bá ti wọ gálọ́ọ̀pù tó sì dún gbàkà, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣọ́ọ̀kì ti lọ." A ó ra ṣọ́ọ̀kì méjì tuntun, a ó wọ̀ wọ́n sí i, ariwo náà á ṣì wà níbẹ̀. Lára Corolla tó kún títì wa, linkage ló sábà máa ń dún bẹ́ẹ̀, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so stabilizer (irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan) mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì. Owó rẹ̀ kò súnmọ́ ti ṣọ́ọ̀kì rárá. Ẹ má ra nǹkan kan láìtíì yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Ẹ gbé e sókè, ẹ fi ọwọ́ kan di táyà mú lókè, ìkejì nísàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Bó bá ń yẹ̀, ẹ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ìyẹn oríkèé tó so áàmù mọ́ ibi tí táyà wà, àti bíárìn tí táyà fi ń yí. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ di ọ̀tún àti òsì táyà mú ló ń yẹ̀, tai rọ́ọ̀dù, irin tí sítíárìn fi ń yí táyà, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú máa ń da òróró sára, ọkọ̀ á sì máa jó lọ sókè sódò lẹ́yìn gálọ́ọ̀pù.

Nínú àwọn àṣìṣe tó kù, èyí tó burú jù ń wá láti inú gbígbàgbé pé ọkọ̀ wúwo. Corolla ju kìlógíráàmù 1,000 lọ. Jáàkì wà fún gbígbé e sókè, kò wà fún dídì í mú nígbà tí èèyàn wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó to búlọ́ọ̀kù oníhò sábẹ́ ọkọ̀ tó sì wọlé sábẹ́ rẹ̀, àyà mi já. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Ẹ ra stand onírin méjì. Bí ilẹ̀ àgbàlá yín bá jẹ́ yanrìn, ẹ tẹ́ pákó tó nípọn sábẹ́ wọn. Ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, kí ẹ sì dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Sípíríǹgì tó yí ṣọ́ọ̀kì ká ló ń ru ìwúwo yìí, agbára sì wà nínú rẹ̀ kódà nígbà tí ẹ bá ti tú ṣọ́ọ̀kì kúrò lára ọkọ̀. Nọ́ọ̀tì àárín tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì ló dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá tú nọ́ọ̀tì yẹn láìkọ́kọ́ fi irinṣẹ́ ìfúnpọ̀ di sípíríǹgì, irin lè ta sí i lójú tàbí kó fọ́ ọ lágbárí. Okùn àti wáyà kò lè dì í. Bí ẹ kò bá ní irinṣẹ́ náà, ẹ tú ṣọ́ọ̀kì odindi, kí ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó ní in. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àṣìṣe tó ń jẹ owó wa jù ni ti bọ́ọ̀ṣì lówà áàmù, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí apá irin ìsàlẹ̀ ti so mọ́ ara ọkọ̀, èmi náà sì ti ṣe é rí. Mo wọ áàmù tuntun, mo fún bóòtì rẹ̀ le dáadáa nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì rọ̀ sílẹ̀ lófuurufú. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, rọ́bà ti ya. Ẹni tó tà á fún mi ni mo dá lẹ́bi, mo sì jẹ̀bi rẹ̀. Ìdí rẹ̀ rèé: páìpù kékeré tó wà láàárín bọ́ọ̀ṣì kì í yí mọ́ tí bóòtì bá ti le, rọ́bà fúnra rẹ̀ ló ń lọ́ tí áàmù bá ń lọ sókè sódò. Bí ẹ bá fún un le nígbà tí ẹsẹ̀ rọ̀, ibẹ̀ ni rọ́bà máa mọ̀ sí ibi ìsinmi. Tí ọkọ̀ bá dúró lórí táyà, rọ́bà á máa lọ́ bí aṣọ tí a ń fún omi rẹ̀, tọ̀sán tòru, kódà nígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀ láìwà á.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè, ẹ fi téèpù wọn láti àárín táyà dé etí fẹ́ńdà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ áàmù, ẹ jẹ́ kí bóòtì kàn mú un. Ẹ fi jáàkì ti áàmù sókè títí ìwọ̀n yẹn á fi pé padà, nígbà náà ni kí ẹ fún un le.

Ẹ má jẹ́ kí kálípà bíréèkì, irin tó ń fún bíréèkì mú, rọ̀ sórí họ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ sípíríǹgì. Ẹ má fi òòlù lu orí tai rọ́ọ̀dù tí ẹ ṣì fẹ́ lò láìdá nọ́ọ̀tì rẹ̀ padà sí i. Bí ihò píìnì bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú ojú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ fún nọ́ọ̀tì síwájú díẹ̀, ẹ má dẹ̀ ẹ́ padà. Ṣọ́ọ̀kì, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pa pọ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Mushin l'Ékòó, ẹ mú ti àtijọ́ dání, torí áàmù ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Irin tòkunbọ̀ lè dára, ṣùgbọ́n rọ́bà ń gbó kódà bí kò bá ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá tú tai rọ́ọ̀dù, ẹ ka iye ìgbà tó yí kó tó jáde, kí ẹ sì dá ìyẹn padà. Kíkà yìí kàn máa gbé yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe aláímẹ́ǹtì, ìyẹn títún ìdúró táyà ṣe kó lè tọ́, ni; ẹni tó bá fi í rọ́pò aláímẹ́ǹtì yóò rí i bí táyà tuntun ṣe ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwọ̀n agbára tí Toyota ní kí a fi fún nọ́ọ̀tì táyà Corolla le ni 103 Nm (newton-metre). Ẹ kọ́kọ́ rọra wà á yí àdúgbò ká láìfi rédíò sí i, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ẹ sì tún fi sípánà kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wò ní ọjọ́ kejì.