Bẹ́ ẹ ṣe lè fi ojú àánú ṣe ìwádìí yunifásítì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe prọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ní yunifásítì tó wà ní Akoka àti Ọ̀jọ́, l'Ékòó, ẹ gbọ́ o. Kẹ́ ẹ tó kọ ìbéèrè kankan, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn èèyàn tẹ́ ẹ fẹ́ ṣèwádìí nípa wọn lọ́wọ́ òfo. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ṣèwádìí lórí èéfín àti ojú àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Makoko, àdúgbò orí omi l'Ékòó, mo ti tẹ ìbéèrè ogójì sórí ìwé, mo gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, bí mo ṣe nà án sí ìyá kan báyìí ló ní, "Ọmọ mi, àwọn tó wá lọ́jọ́sí náà bi mí báyìí, mi ò tún rí wọn mọ́." Ó ń fi etí ìró nu ojú, ó ń fọwọ́ kejì yí ẹja padà lórí wáyà. Mo dá fọ́ọ̀mù padà sínú báàgì, mo jókòó. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ pé ojú kọ́ ló ń dà á láàmú jù, owó igi ìdáná ni, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè kan ò sí lórí igi nínú gbogbo ogójì yẹn.

Torí náà, àwọn gan-an ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó fún yín ní ìbéèrè. Ẹ má lọ nígbà tí ẹja bá wà lórí iná o.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gba ìyọ̀ǹda wọn, kó yé wọn dénú. Ègùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ ní Makoko, ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn lè ní àwọn ò ṣe mọ́ nígbàkigbà, ẹnikẹ́ni ò ní bínú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán: ní Tuskegee, l'Amẹ́ríkà, láti 1932 dé 1972, àwọn oníṣègùn ìjọba ń wo ọkùnrin dúdú 399 tó ní syphilis, àrùn kan tí ìbálòpọ̀ máa ń fà, wọ́n ní "ẹ̀jẹ̀ burúkú" ló ń ṣe wọ́n, pẹnisílínì tó ń wo àrùn náà sàn dé, wọn ò fún wọn, àwọn kan kú, àrùn náà ran àwọn ìyàwó.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ fi orúkọ wọn pa mọ́, àti nǹkan tí aládùúgbò lè fi dá wọn mọ̀.

Kẹ́ ẹ tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún olùkọ́ yín, ẹ padà lọ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wọn. Nígbà tí mo padà lọ, ìyá yẹn gbọ́ tèmi tán, ó ní, "Ibi tó o ti sọ pé ọ̀sán lèéfín pọ̀ jù yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀, àárọ̀ ni, nígbà tí igi ṣì tutù." Mo tún Chapter Four, ibi tí mo kọ ohun tí mo rí sí, kọ.