Ẹ má tíì gbá abẹ́ igi obì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àárọ̀ o. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òdòdó àyíká ilé yìí ti ń dùn mọ́ mi nínú láti ìgbà tí mo ti padà sílé wa ní Ìṣarà Rẹ́mọ.

Ẹni tó bá ní igi obì gbànja lẹ́yìnkùlé, kó tó gbé ìgbálẹ̀ láàárọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo òdòdó tó já bọ́. Ó dà bíi funfun lókèèrè. Ẹ mú un sún mọ́ ojú, ẹ ó rí ilà pupa nínú rẹ̀, àfi bí igbá fínfín. Ọdún mélòó ni mo fi ń gbá a dànù! Ní báyìí, mo máa ń ṣa díẹ̀ sínú àwo omi, kí n gbé e sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi, tó ti ń ṣa obì láti kékeré, ló bi mí pé òdòdó wo nìyẹn.

Fún ìrọ̀lẹ́, ẹ gbin tannápòṣó sábẹ́ fèrèsé. Ó máa ń tó nǹkan bí aago mẹ́rin kó tó là, òórùn rẹ̀ á sì wọlé tọ̀ yín wá. Kóró dúdú rẹ̀ lẹ ó gbìn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi sẹ́nu o, májèlé ni.

Pèrègún ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ lásìkò òjò, ẹ rì í mọ́lẹ̀ létí ọgbà, á hù. Lóru tó bá tanná, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè wọlé.