Bí Ẹni Tó Ń Jẹ Paan Ṣe Lè Yẹ Ẹnu Ara Rẹ̀ Wò

Bí àwa ṣe ń fi obì ṣe àlejò ni wọ́n ń fi èso áréká ṣe é ní Íńdíà, Taiwan àti Papua New Guinea. Àwọn ará Íńdíà tó wà ní London àti Leicester náà ń jẹ ẹ́ nínú paan, ìyẹn èso yìí, ewé betel àti ẹfun tí wọ́n pò, tí àwọn mìíràn sì ń fi tábà kún. Ọ̀pọ̀ gbà pé tábà yẹn nìkan ló léwu, èrò yìí ló sì ń dùn mí jù, nítorí ó ti pẹ́ tí IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti sọ ọ́ ní 2004 pé èso áréká fúnra rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ. Supari aládùn inú ọ̀rá kéékèèké, ìyẹn èso áréká tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, kò yọ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń jẹ ẹ́, ẹ máa yẹ ẹnu yín wò lóṣooṣù. Ẹ fọwọ́, ẹ dúró níwájú dígí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, ẹ fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan síta, kí ẹ sì gbé ahọ́n sókè láti wo abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má kánjú níbi tí ẹ ti máa ń ki paan sí. Àbàwọ́n pupa ara eyín kọ́ là ń wá, bí kò ṣe àmì funfun tàbí pupa tí kò ṣeé nù kúrò, àti egbò tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìjinná.

Lẹ́yìn náà, ẹ to ìka ìfábẹ̀là, ti àárín àti ti òrùka léra, kí ẹ fi wọ́n sáàárín eyín iwájú òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹnu àgbàlagbà sábà máa ń gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Arecoline, kẹ́míkà kan inú èso náà, ló ń mú kí abẹ́ awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ki, kí ó sì máa le, títí ẹnu yóò fi kọ̀ tí kò ní ṣí dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n ata sábà máa ń sọ ọ́ ṣáájú ìka: ọbẹ̀ tí ẹ ti ń jẹ láti kékeré á wá máa jó yín lẹ́nu. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ìka ìfábẹ̀là wà níta, ẹ lè bá ohun kan tó na tàntàn bí okùn níbẹ̀.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ jáwọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ bá dókítà eyín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti le kì í sábà rọ̀ padà, ṣùgbọ́n jíjáwọ́ ń dín ewu jẹjẹrẹ kù. Ẹ kọ iye ìka tí ẹnu yín gbà àti ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n sílẹ̀, kí ẹ mú un dání, ẹ má sì fi iye paan tí ẹ ń jẹ lóòjọ́ pamọ́ fún dókítà náà.