Bí mo ṣe tọpa kòkòrò tó ń jẹ ilá mi

Ọbẹ̀ ilásà ló fà á. Mo fẹ́ máa já ewé ilá tútù lẹ́yìnkùlé wa ní Ìbàdàn, kí n yé náwó lé e lọ́jà. Nígbà tí òjò oṣù Kẹrin rọ̀, mo kọ ebè mẹ́ta, mo gbin irú ilá kan tí wọ́n ń pè ní NH47-4 sí i. Ilá ò tíì yọ ewé mẹ́rin tí àlejò fi dé: kòkòrò tí kò ju ìlàjì hóró ìrẹsì lọ, àwọn kan pupa rúsúrúsú, ẹ̀yìn àwọn mìíràn dúdú bí aró. Podagrica ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Wọ́n dá ewé lu bí asẹ́. Bí mo bá na ìka sí wọn, wọ́n á ta pọ́ún, ó di àwátì. Tẹ̀tẹ̀ àti ata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọn ò tilẹ̀ yà á wò.

Kò sì sẹ́ni tó ń gbin ilá ládùúgbò wa. Ta ló wá ránṣẹ́ pè wọ́n?

Mo fẹjọ́ sun màmá tí ògiri pa wá pọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti wo iṣápá mi?"

Mo ṣí ewé iṣápá wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn mi ló wà níbẹ̀! Ilá, iṣápá àti òwú, ìdílé kan ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń jẹ ọ̀kan kì í ṣi ilé èkejì mọ̀. Òórùn ewé ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ìwo orí wọn ni imú wọn. Tí wọ́n bá ti sún mọ́ tòsí, ojú á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ imú. Ó dùn mí díẹ̀, nítorí mo ti ro ebè yẹn mọ́ fínnífínní, ilá nìkan ló dúró gedegbe lórí ilẹ̀ pupa.

Ní oṣù Keje mo fa ilá náà tu, mo gbin òmíràn sójú ebè kan náà, mo ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó, mo fi bíríkì tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láìpẹ́, kòkòrò wà nínú nẹ́ẹ̀tì! Mo tanná wá ibi tó ya, n ò rí. Mo wá fi ọkọ́ kékeré tú ìdí ilá wò: ìdin funfun, tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Inú ilẹ̀ nídìí ilá ni ìyá wọn ń yé sí, gbòǹgbò sì ni àwọn ọmọ ń jẹ kí wọ́n tó dàgbà jáde. Àwọn tí mo ń sé mọ́ ìta, abẹ́ ebè ni wọ́n ti ń bọ̀.

Mo bu ilẹ̀ láti ìdí máńgòrò, níbi tí ilá ò dé rí, sínú àpò ìrẹsì mẹ́rin, mo gbin ilá sí i, mo sì ta nẹ́ẹ̀tì bò ó. Ewé mọ́ rekete, àfi èyí tó kan ara nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń ti ìta gé jẹ. Lórí ebè tó kù, mo fọ́n tẹ̀tẹ̀ sáàárín ilá kí ilẹ̀ má hàn. Ihò dín kù níbẹ̀, kò tán.

Iṣápá màmá ṣì wà lẹ́bàá ògiri. N ò lè ní kí wọ́n fà á tu, àwa náà ń bá wọn fi egúsí sè é jẹ.