Mo ti ìrìn àjò dé, spọ́ọ̀tì káà mi ò sitáàtì: ìdáhùn sí ìbéèrè tẹ́ ẹ ń bi mí ṣáá

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó pè mí láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ ka eléyìí ná. Iṣẹ́ rewáyà ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ Lọ́ńdọ̀nù, tẹ́ ẹ lọ Mẹ́kà, tẹ́ ẹ lọ Kánádà, tẹ́ ẹ wá dé tí mọ́tò ò dá yín lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo yín máa ń sọ: "Bátìrì ti bàjẹ́, bá mi ra òmíràn." Ẹ ṣe sùúrù. Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan kan ló ń mu iná inú bátìrì yẹn. Tẹ́ ò bá tíì wá nǹkan ọ̀hún jáde, tuntun tẹ́ ẹ rà náà máa kú.

Ìbéèrè: Mo tan kọ́kọ́rọ́, kò dún rárá.
Ẹ wo orí bátìrì méjèèjì. Tó bá ti hu funfun, ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ dè é le. Ẹ wò ó bóyá gíà wà ní P.

Ìbéèrè: Ó kàn ń ṣe ta-ta-ta.
Iná ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. 12.6 volt, ó kún. 12.4, ó ti ń lọ sílẹ̀. Tó bá ti ń sún mọ́ 12, ẹ fi sitáàtì sílẹ̀, ẹ lọ cháàjì ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi wáyà fa iná lára típà tó wà ládùúgbò wa?
Rárá o! 24 volt ni ọ̀pọ̀ típà àti tírélà, 12 ni tiyín, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò lẹ fẹ́ jó yẹn. Ara mọ́tò kékeré ni kẹ́ ẹ ti fà á: wáyà pupa sí pósítíìfù méjèèjì, dúdú sí négátíìfù bátìrì tó dáa, kẹ́ ẹ wá gbé orí dúdú kejì mọ́ irin ẹ́ńjìnì mọ́tò tó kú. Ẹ má gbé e lé bátìrì tó kú yẹn lórí.

Ìbéèrè: Abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì iwájú ni bátìrì wà, iná ló sì ń ṣí bónẹ́ẹ̀tì yẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ débẹ̀?
Ẹ̀yin oní-Porsche ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irin yọ ọ́ o! Tó bá jẹ́ Boxster 987 tàbí 911 ti 997 (987 àti 997 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ìran mọ́tò yẹn), ẹ ṣí ilé fíúsì tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ dírébà, irin kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní àwọ̀ pupa, ẹ fà á síta. Ibẹ̀ lẹ máa gbé pósítíìfù bátìrì míì lé, kẹ́ ẹ gbé négátíìfù mọ́ irin tí ilẹ̀kùn ń há mọ́. Àláàmù máa ké, ẹ jẹ́ kó ké, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnì bónẹ́ẹ̀tì lára kọ́kọ́rọ́. Kò lè sitáàtì mọ́tò láti ibẹ̀ o, bónẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà fún.

Ìbéèrè: Àbúrò mi ń sitáàtì ẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ló dé tó ṣì kú?
Nítorí pé ìṣẹ́jú márùn-ún ò dá iná tí sitáàtì mu padà, omi ló kàn ń kó jọ sínú sàléńsà. Tó bá ní láíséǹsì tẹ́ ẹ sì fọkàn tán an, kó gbé e gba ọ̀nà Ṣàgámù fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ tú négátíìfù bátìrì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, ó parí. Ti Boxster yẹn, ẹ má ti bónẹ́ẹ̀tì pa tán lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tú u, ẹ ti ka ìdí ẹ̀ lókè.

Ìbéèrè: Táyà ńkọ́? Hándíbíréèkì ńkọ́?
Ẹ ní kí fọ́káníṣà fi bíi 4 psi kún táyà kó má ba tẹ́ lójú kan. Ẹ má fa hándíbíréèkì, ọ̀rinrin wa níbí máa jẹ́ kó lẹ̀. Ẹ gbé òkúta sẹ́yìn táyà. Ẹ má fi ọ̀rá bò ó, aṣọ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kó gbogbo ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀ nítorí eku, eku ń jẹ wáyà bí ẹni jẹ iṣu.

Ìbéèrè: Mo ti ra bátìrì tuntun, alternator ń cháàjì dáadáa, mo ti yọ tráká, síbẹ̀ tí mo bá rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan péré, òkú ni mo ń bá.
Háà, eléyìí ni mo fẹ́ sọ. Mọ́tò tó bá ti sùn, ìyẹn tẹ́ ẹ ti pa á, tẹ́ ẹ ti lọ́ọ̀kì ẹ̀, tí kọ̀ǹpútà inú ẹ̀ ti dákẹ́, kò yẹ kó máa mu ju 0.05 ampere lọ. Tí bátìrì yín bá jẹ́ 60 Ah (ó lè gbé ampere kan fún ọgọ́ta wákàtí nìyẹn), 0.05 yẹn máa mu 1.2 Ah lóòjọ́, ó lè tó àádọ́ta ọjọ́ kó tó gbẹ pátápátá, lóòótọ́ kò ní lè sitáàtì mọ́ kó tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n tí nǹkan kan bá ń mu 0.5, ọjọ́ márùn-ún péré ni.

Àlájì kan wà ní Ìgbógbó, Boxster 987 ló ní. Àwọn kan ti ta bátìrì fún wọn títí, ó sú wọn. Mo tú négátíìfù, mo ki mítà sáàárín lójú 10 ampere, mo fi súkúrú dúráfà yí irin tó ń há bónẹ́ẹ̀tì kí mọ́tò lè gbà pé mo ti tì í, mo lọ́ọ̀kì gbogbo ẹ̀, mo jókòó. Nígbà tó tó bí ìdajì wákàtí, mítà bọ́ sí 0.03. Kò sí nǹkan tó ń mu iná! Mo yọ fíúsì níkọ̀ọ̀kan, mi ò rí nǹkan kan. Mo cháàjì ẹ̀, mo kó ẹrù mi lọlé, kò pé ọ̀sẹ̀ kan, òkú. Inú bí mi gan-an, nítorí mítà kì í parọ́.

Mẹ́gáàdì Àlájì ló là mí lójú. Ó ní, "Ọ̀gá, iná inú mọ́tò yẹn máa ń tàn fúnra ẹ̀ lóru, pàápàá tójò bá rọ̀." Kò sẹ́ni tó bi í rí. Mo padà lọ, mo so mítà mọ́ ọn, mo dúró di òru. Nígbà tí ìrì ti bo gíláàsì, iná inú mọ́tò tàn, mítà fò láti 0.03 kọjá 3 ampere, ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, kò pẹ́ ó tún fò. Gbogbo òru ni wọ́n ń jí mọ́tò yẹn, ẹ wò ó, bátìrì wo ló fẹ́ gbà á?

Gíláàsì ilẹ̀kùn Boxster ò ní férémù, tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó yẹ kí gíláàsì kọ́kọ́ sún wálẹ̀ díẹ̀. Mo fa ti ọ̀tún, ó sún wálẹ̀. Mo fa ti òsì, kò mira. Ibẹ̀ ló wà! Súwíìṣì kékeré inú lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá ilẹ̀kùn ṣí tàbí ó tì, ọ̀rinrin ọ̀sà wa sì ti jẹ ojú iná ẹ̀, tó bá ti tutù, ó máa ń sọ pé wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Àlájì ní ó pẹ́ tó ti máa ń dún "pí" táwọn bá lọ́ọ̀kì ẹ̀, àwọn ò kà á sí. Ẹ máa kà á sí o, mọ́tò ń sọ fún yín pé nǹkan kan ò tì dáadáa. Lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn yẹn lódindi la pààrọ̀, bátìrì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà ló ṣì ń lò.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè tú ilẹ̀kùn yẹn fúnra mi?
Rárá. Airbag, báàgì tó ń bú jáde tí mọ́tò bá kọlu nǹkan, wà nínú ilẹ̀kùn 987. Mítà lẹ lè fi wọn bátìrì, ọwọ́ ilẹ̀kùn lẹ lè fà wò, ẹ sì lè bi mẹ́gáàdì yín ohun tó rí lóru. Tó bá ti kan títú ilẹ̀kùn, ẹ tú orí bátìrì sílẹ̀ kẹ́ ẹ pe ẹni tó ní scanner tó lè bá Porsche sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó fi nọ́ńbà inú mítà hàn yín kẹ́ ẹ tó sanwó bátìrì kankan.