Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Adùn Ẹja Íjíbítì Jẹ́

Ẹ dákun, bí ẹ bá ń se ẹja bí àwọn ará Íjíbítì ṣe ń sè é, ẹ má da kọrì àti táìmù sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà: a rò pé bí èròjà bá ṣe pọ̀ tó ni ẹja yóò ṣe dùn tó. Kúmínì àti kọriáńdà (hóró olóòórùn ni méjèèjì), ááyù, ata, iyọ̀ àti lẹ́mọ́ọ̀nù ti tó fún ẹja lọ́wọ́ àwọn ará Íjíbítì, kúmínì sì ni olórí wọn.

Kúmínì lílọ̀ tó ti pẹ́ nínú ike kò ní òórùn kankan mọ́. Oníhóró ni kí ẹ rà. Ẹ yan án díẹ̀ nínú agbada gbígbẹ, kí ẹ gbé e kúrò lórí iná gbàrà tí òórùn rẹ̀ bá ti ta jáde, kí ẹ wá gún un. Tó bá ti dúdú, ó ti korò nìyẹn. Ẹ dà á nù. Ááyù náà kò fẹ́ epo tó ń rú èéfín.

Àwa tí a máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹja lè rò pé kó sùn sínú lẹ́mọ́ọ̀nù kò burú. Ó burú. Ara ẹja á funfun, á le, á sì máa fọ́ wẹ́wẹ́. Ààbọ̀ wákàtí tó o.

Ní ti sayadiya, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n ń fi ẹja jẹ, àlùbọ́sà díndín ló ń fún un láwọ̀. Ẹ má kánjú gbé e sọ̀ kalẹ̀ kó tó pọ́n bíi kòkó gbígbẹ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹja yíyan. Ní Alẹkisáńdíríà, ìlú etíkun kan ní Íjíbítì, wọn kì í yọ ìpẹ́ ẹpìyà tí wọ́n fẹ́ yan báyìí. Ìfun rẹ̀ ni wọ́n ń yọ, wọ́n á fi ááyù àti kúmínì sí ikùn rẹ̀, wọ́n á wá yí i nínú radda, ìyẹn èèrí àlìkámà tó máa ń ṣẹ́kù sínú ajọ̀. Iná tó gbóná janjan ni wọ́n ń gbé e sí. Ṣùgbọ́n àwa á ti yọ ìpẹ́, ìyẹ̀fun la ó fi rọ́pò èèrí, bí ẹ̀yìn ẹja bá sì ti ń dúdú, ẹ̀rù á bà wá, a ó gbé e kúrò ní tútù. Ẹ jẹ́ kó dúdú! Èèrí àti ìpẹ́ ló ń jóná, kí omi ara ẹja má bàa gbẹ. Bó bá ti kúrò lórí iná, kó ṣì gbóná, ẹ rì í sínú omi iyọ̀ tí ẹ ti po lẹ́mọ́ọ̀nù, ááyù àti kúmínì mọ́. Ẹ má fo ìyẹn. Tó bá dé orí àwo, ẹ bó awọ tó jóná kúrò, kí ẹ jẹ ẹran funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀.