Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìwádìí nípa àṣà àti ilẹ̀ òkèèrè: ẹ má wo ọwọ́ olówó nìkan

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àpilẹ̀kọ nípa bí orílẹ̀-èdè kan ṣe ń gbé àṣà rẹ̀ lọ sókè òkun máa ń mú un wá kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ká má purọ́, ojú ìwé kìíní ni mo ti máa ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. "Jámánì fẹ́ kí…", "Ìlú Ọba ń wá…", "Faransé ti pinnu…" Orílẹ̀-èdè ti di bàbá kan tó káwọ́ lérí lórí àga tó ń ronú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ báyẹn.

Ta ni Jámánì? Goethe-Institut, iléeṣẹ́ èdè àti àṣà Jámánì tó ti wà l'Ékòó láti 1962, kì í ṣe yàrá kan nínú ẹ́ńbásì. Ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1951. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Jámánì ń fún un lówó gidi, àmọ́ ìwé àdéhùn ló so wọ́n pọ̀. Ti British Council, iléeṣẹ́ àṣà Ìlú Ọba, tún yàtọ̀. 1934 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ ọba ní 1940. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń gbé e ró, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti sanwó IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, rí. Owó ìdánwò àti owó kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé fún un ju owó tí ìjọba ń fún un lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé irinṣẹ́ ìjọba ni, tẹ́ ẹ ò sì dárúkọ ìdánwò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ò tíì wo inú àpò rẹ̀.

Àṣìṣe yìí kan náà ń ṣẹlẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ tiwa. "Jámánì dá ère idẹ Benin padà fún Nàìjíríà." Nàìjíríà wo? Lóṣù Keje 2022, ìjọba méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé ní Berlin. Lóṣù Kejìlá ọdún náà, Annalena Baerbock, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Jámánì nígbà náà, kó 20 lára ohun tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jí kó láàfin Benin ní 1897 wá sí Abuja. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Ààrẹ Buhari bá gbé àṣẹ jáde pé Ọba Benin ló ni wọ́n. Ariwo ta ní Jámánì. Ẹni tó bá ti fi "Nàìjíríà" kọ gbogbo rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan fi ṣàlàyé ariwo yẹn, torí pé ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ẹdó àti ààfin ò fìgbà kan sọ̀rọ̀ ní ohùn kan náà. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú. Mùsíọ́ọ̀mù Horniman gbé ẹ̀tọ́ lórí ohun 72 fún Nàìjíríà ní 2022. British Museum ní tiẹ̀ ń tọ́ka sí òfin 1963 tí kò jẹ́ kó yọ̀ǹda ohun ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìlú kan náà ni o.

Ẹ má sì da ìlú Benin pọ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè Benin. Ohun 26 tí Faransé dá padà ní 2021, ààfin Abomey ni wọ́n ti kó wọn ní 1892. Dahomey ni wọ́n ń pe ibẹ̀ títí di 1975. Mo ti rí àdàlù yìí nínú iṣẹ́ ẹni tó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé, mo fi bírò pupa sàmì sí i títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Ibi tó ti máa ń bà jẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ owó. Ẹ jẹ́ ká mú Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà n'Íbàdàn. Ní 1961 ni Ulli Beier àtàwọn òǹkọ̀wé bíi Soyinka, Okigbo àti J. P. Clark dá a sílẹ̀ nítòsí ọjà Dùgbẹ̀. Owó ìrànwọ́ ń wá láti ọ̀dọ̀ Congress for Cultural Freedom, àjọ kan ní Paris tó ń fi àṣà bá kọ́múníìsì jà. Láàárín 1966 sí 1967, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tú àṣírí pé CIA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, ló ń gba ẹ̀yìn fún àjọ náà lówó. Láti ìgbà yẹn ni oríṣi àpilẹ̀kọ méjì ti ń jáde. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ Mbari láì mẹ́nu ba owó rárá, bí ẹni pé ìfẹ́ iṣẹ́ ọnà ló ń san owó ilé. Àwọn kejì ní CIA ló ni gbogbo ohun tó jáde níbẹ̀. Kí wá ni ká ti ṣe Alex La Guma sí? Kọ́múníìsì ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni, ìjọba ilé rẹ̀ ti fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ Mbari ló tẹ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1962. Owó tí wọ́n kó sílẹ̀ láti fi bá kọ́múníìsì jà ló di ìwé kọ́múníìsì n'Íbàdàn! Ẹ ò lè rí irú nǹkan yìí tẹ́ ẹ bá dúró síbi tí owó ti jáde. Ẹ tẹ̀ lé e dé ibi tí wọ́n ti ná an.

Àkójọ ìwé Congress yẹn wà ní Yunifásítì Chicago, tí wọ́n tò dáadáa. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń lọ síbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì fi ń dùn láti ẹnu àwọn tó fowó ránṣẹ́. Òṣogbo kò ní irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni Duro Ladipo ti sọ ilé ọtí rẹ̀ di gbọ̀ngàn eré ní 1962. "Mbari" tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ Igbo ni, àmọ́ bí àwọn ará Òṣogbo ṣe gbọ́ ọ, èdè tiwọn ló bá jáde: bí mo bá rí i, máa yọ̀. Mbari Mbayọ̀ dé. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, Duro Ladipo ti gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin. Wọ́n ti sọ orúkọ ẹlòmíì di tiwọn, kó tó di pé aláṣẹ kankan kọ ìròyìn rẹ̀.

Èmi náà ti ṣàṣìṣe tèmi. Nígbà kan, mo jókòó ti ìwé àbẹ̀wò níbi àfihàn kan l'Ékòó, mo ka orúkọ 140, mo sì kọ ọ́ pé àfihàn náà "mú ipa rere wá". Ọ̀gá mi wò mí. Ó ní, "Ṣé o bi ẹnikẹ́ni léèrè?" Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo padà lọ, ẹni kẹta tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù ló fà á wọlé, pé oòrùn ọjọ́ náà le. Ẹni kẹrin ń wá ẹni tó máa bá a túmọ̀ ìwé físà.

Èyí tó kẹ́yìn, mi ò ní fà á gùn. Ní 1959, wọ́n dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà sílẹ̀ ní yunifásítì Bahia, ní Salvador, lásìkò tí Brazil ń wá ojúure àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń gba òmìnira. Láìpẹ́, Ebenezer Laṣebikan dé láti Nàìjíríà, ó ń kọ́ wọn ní Yorùbá. Lójú ìwé ìjọba, ètò ìbárẹ́ orílẹ̀-èdè méjì ni. Àmọ́ àwọn ará ilé candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Brazil, wà nínú kíláàsì náà, àwọn tó ti ń kọrin Ọ̀ṣun àti Ṣàngó láti kékeré. Ìtumọ̀ orin tó ti wà lẹ́nu wọn ni wọ́n wá gbà.